Ẹ̀rọ téèpù DDS-4 wa kò gba ìdajì ohun tí a kọ sára kásẹ́ẹ̀tì: ṣé ìfúnpọ̀ dátà ni kò ṣiṣẹ́?

Akọ̀wé_Òkèṣà, Adó-Èkìtì

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Òkèṣà, èmi ni mo sì ń bójú tó sáfà tí àwòrán ilẹ̀, ìwé àdéhùn àti ìwé ìṣirò owó wa wà nínú rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, sáfà náà máa ń kọ gbogbo fáìlì wọ̀nyí sórí téèpù DDS-4, olùdarí wa á sì mú kásẹ́ẹ̀tì náà lọ sílé, kí ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ sí ọ́fíìsì má baà kan ẹ̀dà ìpamọ́ wa. Linux ni sáfà náà ń lò, okùn SCSI ni ó sì so ẹ̀rọ téèpù mọ́ ọn.

Ohun tó mú mi wá rèé. 20 GB ni wọ́n kọ sára kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì kọ 40 GB sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún dátà tí a bá fún pọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló ń gba gbogbo ohun tí a ní. Ní báyìí fáìlì wa ti di 31 GB, ètò tó ń ṣe ẹ̀dà náà sì máa ń dúró bí ó bá ti kọ nǹkan bíi 17.4 GB, á ní kí a fi kásẹ́ẹ̀tì mìíràn sí i. Kò dé 40, kò tilẹ̀ dé 20. Iná ojú ẹ̀rọ kò fi àṣìṣe kankan hàn. Ẹni tó gbé ètò náà kalẹ̀ ti kúrò lọ́dọ̀ wa, kò sì fi àkọsílẹ̀ sílẹ̀. Ṣé ibi tó ń fún dátà pọ̀ nínú ẹ̀rọ náà ló ti bàjẹ́ ni? Kò sí owó ẹ̀rọ tuntun nínú ìsúná ọdún yìí, nítorí náà mo fẹ́ mọ ohun tí a lè ṣe sí èyí tó wà nílẹ̀.

Ọmọ_Ìjerò, Ìjerò-Èkìtì

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èrò tèmi ni pé ìfúnpọ̀ ti kú nínú ẹ̀rọ náà nígbà tí iná lọ, tí ẹ sì tún un tàn. Ẹ wọlé gẹ́gẹ́ bíi root, ìyẹn alákòóso sáfà, kí ẹ tẹ èyí:

mt -f /dev/nst0 compression 1

Kí ẹ wá tún ẹ̀dà náà ṣe, kí ẹ wò ó bóyá yóò gba gbogbo rẹ̀.

Ìyá_Sáfà, Ìkọ̀lé-Èkìtì

Àbúrò mi láti Ìjerò, o ṣé tí o tètè dáhùn. Ṣùgbọ́n kí a tó tan ohunkóhun tàbí kí a pa á, ẹ jẹ́ kí a wo iye tí Akọ̀wé mú wá dáadáa, nítorí pé ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú 17.4 yẹn. Àwọn tó ń ṣe kásẹ́ẹ̀tì ń ka GB kan sí bílíọ̀nù báìtì kan, nígbà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ètò orí kọ̀ǹpútà ń ka tiwọn ní 1024, tí wọ́n á fi 1024 sọ ọ́ di púpọ̀, tí wọ́n á tún fi 1024 sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Nítorí náà, 20 tó wà lára kásẹ́ẹ̀tì máa ń hàn bíi 18.6 nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, láìjẹ́ pé nǹkan kan sọnù. Bí ó bá jẹ́ pé ìfúnpọ̀ kàn wà ní pípa ni, tí téèpù sì mọ́, nǹkan bíi 18.6 ni ó yẹ kí ẹ rí. 17.4 ni ẹ rí. Ìyẹn ni pé nǹkan kan ń jẹ àyè lórí téèpù yín, àìsí ìfúnpọ̀ nìkan kò sì lè fa ìyẹn.

Ní ti 40 tí wọ́n kọ, kò sí ẹni tó ṣèlérí rẹ̀ fún yín. Àwọn tó ṣe téèpù kàn gbà pé dátà oníbàárà yóò fún pọ̀ di ìdajì. Ìṣirò kan náà ló wà lára LTO-1, irú téèpù mìíràn, tó gba 100 GB tí wọ́n sì kọ 200 sí i lára. Nígbà tó di LTO-6, wọ́n gbé ìṣirò náà sókè sí 2.5 sí 1. Iye àkọ́kọ́ nìkan ni kí ẹ máa fi ṣètò.

Ẹ bá mi wo nǹkan díẹ̀. Ṣé 150 m ni wọ́n kọ sára kásẹ́ẹ̀tì tàbí 125 m? Èyí tó jẹ́ 125 m, ti DDS-3 ni, 12 GB péré ló ń gbà bí ẹ tilẹ̀ fi í sínú ẹ̀rọ DDS-4. Kí ni tapeinfo -f /dev/sg0 sọ nípa ìfúnpọ̀? Bí sg0 kì í bá ṣe ẹ̀rọ téèpù lórí sáfà yín, ẹ fi lsscsi -g wá nọ́ńbà rẹ̀. Ṣé ètò tó ń ṣe ẹ̀dà náà ń fún fáìlì pọ̀ fúnra rẹ̀ kí ó tó rán an sí téèpù? Irú fáìlì wo ló pọ̀ jù nínú 31 GB náà? Lákòótán, ẹ dúró ti ẹ̀rọ náà nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, kí ẹ gbọ́ bóyá ó ń lọ geere tàbí ó ń dúró.

Akọ̀wé_Òkèṣà, Adó-Èkìtì

Ẹ ṣeun púpọ̀, mà. 150 m ni gbogbo kásẹ́ẹ̀tì wa. Ohun tí tapeinfo sọ nípa ìfúnpọ̀ nìyí:

DataCompEnabled: yes
DataCompCapable: yes
DataDeCompEnabled: yes
CompType: 0x20

Nínú fáìlì ìṣètò ètò náà, mo rí i pé wọ́n ti tan gzip, èyí tó túmọ̀ sí pé ètò náà ń fún gbogbo fáìlì pọ̀ lórí sáfà kí ó tó dé orí téèpù. 17.4 tí mo kọ, iye tó jáde kúrò lára gzip tó sì wọ téèpù ni.

Ní ti fáìlì, 24 nínú 31 GB jẹ́ JPEG àti PDF. Nígbà tí a ra sikánà ńlá, a bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán àwọn ìwé ilẹ̀ àtijọ́, àwọn wọ̀nyí ló sì ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́. 7 tó kù ni àwòrán orí kọ̀ǹpútà, lẹ́tà àti ìwé owó.

Mo dúró ti ẹ̀rọ náà gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ní kí n ṣe. Kì í lọ geere. Á sáré díẹ̀, á dákẹ́, ẹ ó gbọ́ tí nǹkan ń yí padà sẹ́yìn nínú rẹ̀, á tún dákẹ́, kí ó tó tún sáré lọ síwájú. Nígbà tó bá dé àwọn fáìlì ìwé owó, ìdákẹ́jẹ́ náà máa ń dínkù.

Ìyá_Sáfà, Ìkọ̀lé-Èkìtì

Ẹ̀rọ yín kò bàjẹ́. Ó ń fún dátà pọ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ní kí ó ṣe, ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro ti wá.

0x20 tí ẹ rí yẹn ni nọ́ńbà ìlànà tí wọ́n ń pè ní DCLZ, ìlànà tí ECMA, àjọ tó ń ṣe ìlànà fún ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin 151. L àti Z inú rẹ̀ ń tọ́ka sí Abraham Lempel àti Jacob Ziv, tí iṣẹ́ wọn ní 1977 àti 1978 jẹ́ ìpìlẹ̀ fún púpọ̀ nínú irú ìfúnpọ̀ tí a ń lò títí di òní. Ohun tí ìlànà yìí ń ṣe ni pé ó ń wá ọ̀wọ́ báìtì tó ti kọjá tẹ́lẹ̀, bí ó bá sì tún rí i, yóò kọ àmì kúkúrú dípò rẹ̀. Ìwé owó kún fún ọ̀rọ̀ tó ń padà wá, nítorí náà ó máa ń fún pọ̀ dáadáa. JPEG kò rí bẹ́ẹ̀: wọ́n ti fún un pọ̀ nígbà tí sikánà ṣe é, kò sì sí àpẹẹrẹ tó ń padà wá nínú rẹ̀ mọ́. Àwọn àwòrán inú PDF tí sikánà bá ṣe náà sábà máa ń jẹ́ JPEG. Aṣọ tí a ti ká tí a sì ti dì pinpin sínú àpótí, bí a bá tún wé bébà mọ́ ọn, ńṣe ni ẹrù á tóbi sí i.

Wàyí o, ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Sikánà ti fún àwòrán pọ̀, gzip tún gbà á, DCLZ inú ẹ̀rọ tún gbà á lẹ́ẹ̀kẹta. DCLZ kò ní ọ̀nà tí yóò fi jẹ́ kí dátà bẹ́ẹ̀ kọjá láìfọwọ́ kàn án, nítorí náà ńṣe ni ó ń kọ àmì tó gùn ju dátà fúnra rẹ̀ lọ. Bí 18.6 ṣe lè di 17 àti díẹ̀ nìyẹn. 7 GB yín tó kù, tí ẹ̀rọ ì bá ti rí ohun fún pọ̀ nínú rẹ̀, gzip ti gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìró tí ẹ gbọ́ náà ṣe pàtàkì. Ẹ̀rọ DDS-4 ń kọ nǹkan bíi 3 mẹ́gábáìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì fẹ́ kí dátà máa dé láìdáwọ́ dúró. Bí gzip bá ń lọ́ra lórí sáfà àtijọ́, dátà á tán nínú ìfipamọ́ ẹ̀rọ (ibi tí dátà ti ń dúró kí ó tó wọ téèpù), téèpù á dúró, á yí padà sẹ́yìn láti mú ibi tó kọ dé, kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ń jẹ téèpù, ó sì ń jẹ orí ẹ̀rọ, ibi tó ń kọ tó sì ń ka téèpù. Gzip ni kí ẹ kọ́kọ́ pa.

Onímọ̀_Ìkẹ́rẹ́, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Mo fara mọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n láti Ìkọ̀lé sọ nípa gzip, ṣùgbọ́n mi ò ní fẹ́ kí a di gbogbo ẹ̀bi ru ìfúnpọ̀. Ẹ̀rọ DDS máa ń ka ohun tó bá kọ lójú ẹsẹ̀, bí ó bá sì rí i pé ibì kan kò kọ dáadáa, yóò tún un kọ síwájú lórí téèpù. Kì í pariwo nípa rẹ̀. Bí orí ẹ̀rọ bá dọ̀tí, tàbí bí téèpù bá ti gbó, àtúnkọ á pọ̀, àyè á dínkù, iná àṣìṣe kò sì ní tàn títí yóò fi burú gan-an. Ní àkókò ọyẹ́ bí èyí, tí eruku pupa ń wọ gbogbo yàrá ní Èkìtì bí a tilẹ̀ ti fèrèsé pa, èmi kì í fojú kéré rẹ̀.

Ọ̀nà láti yà wọ́n sọ́tọ̀ nìyí. Ẹ pa ìfúnpọ̀ ẹ̀rọ pátápátá, kí ẹ wá kọ dátà tí kò ṣeé fún pọ̀ títí téèpù yóò fi kún. Ẹ má ṣe kọ ọ́ láti /dev/urandom, tó ń mú dátà aláìlétò jáde, tààrà, nítorí pé ó lè lọ́ra lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́, ẹ ó sì tún fa dídúró náà padà. Ẹ kọ́kọ́ fi ṣe fáìlì kan sórí dísìkì:

dd if=/dev/urandom of=/var/tmp/idanwo bs=1M count=1024

Kí ẹ wá fi mt -f /dev/nst0 setblk 0 jẹ́ kí ìwọ̀n búlọ́ọ̀kù wà ní títú sílẹ̀, kí ẹ sì máa kọ fáìlì náà léraléra sórí /dev/nst0 pẹ̀lú dd àti bs=64k. Ẹ ṣọ́ra fún /dev/st0, nítorí pé òun máa ń yí téèpù padà sí ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ohun tí ẹ kọ tẹ̀lé e á sì pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Ẹ ṣe é lórí kásẹ́ẹ̀tì tuntun kan àti àtijọ́ kan. Èyí tó bá sún mọ́ 18.6 kò ní àìsàn.

Fún ẹni tó bá ń ka èyí tó sì ní LTO: ọ̀rọ̀ pé ìfúnpọ̀ ń mú kí dátà tóbi sí i yẹn kò kan yín tó bẹ́ẹ̀. SLDC, ìlànà ìfúnpọ̀ tí LTO ń lò, ní ọ̀nà kejì, tó bá rí i pé dátà kò fún pọ̀, ó máa ń jẹ́ kí ó kọjá bí ó ṣe rí. LTO-2 ni mo ń lò níbí, mo sì fi ìfúnpọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní títàn nígbà gbogbo.

Ọmọ_Ìjerò, Ìjerò-Èkìtì

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ béèrè ohun kan lórí pípa ìfúnpọ̀. Lórí ẹ̀rọ DAT (ìdílé kan náà ni òun àti DDS) tó wà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, compression 0 kò ṣe nǹkan kan, àṣẹ tó ń ṣiṣẹ́ ni datcompression. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ datcompression 1, ó kàn ń sọ ipò tí ìfúnpọ̀ wà ni, kò tàn án. Kí ló fà á?

Ìyá_Sáfà, Ìkọ̀lé-Èkìtì

Ìbéèrè gidi ni, àbúrò mi. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Nínú datcompression, 1 ni iye tí mt máa ń lò bí ẹnikẹ́ni kò bá kọ iye kankan, nítorí náà wọ́n fi 1 sílẹ̀ fún wíwo ipò. 0 ló ń pa á. Iye mìíràn, bíi 2, ló ń tàn án. Ojú-ewé 15 nínú ìṣètò SCSI ti ẹ̀rọ náà ni ó ń kọ̀wé sí tààrà, root nìkan ló sì lè lò ó. Inú ètò mt-st ni àṣẹ yìí wà. mt tó bá ètò cpio wá kò mọ̀ ọ́n, nítorí náà bí Linux yín bá ní òun kò dá àṣẹ náà mọ̀, ẹ wò ó bóyá mt-st ti wà lórí rẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí àwa tí a ń gbé níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn. Bí ẹ̀rọ bá kú tó sì tún tàn, ìṣètò tí ẹ fi mt ṣe á lọ, ẹ̀rọ á sì padà sí ohun tí àwọn súìṣì kéékèèké abẹ́ rẹ̀ bá sọ. Nítorí náà, inú ìwé àṣẹ tó ń ṣe ẹ̀dà ní alẹ́ gan-an ni kí àṣẹ ìfúnpọ̀ wà, kí ó máa ṣiṣẹ́ ṣáájú ìkọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Akọ̀wé_Òkèṣà, Adó-Èkìtì

Mo ti ṣe ìdánwò náà. Pẹ̀lú ìfúnpọ̀ ní pípa, kásẹ́ẹ̀tì tuntun gba 18.5 GB, ẹ̀rọ náà sì lọ geere láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àtijọ́ dúró ní 16.9. Mo fi kásẹ́ẹ̀tì ìfọ̀ fọ orí ẹ̀rọ, mo tún un ṣe, ó sì gba 17.1.

Ẹ̀rù kan ń bà mí o. Inú àpótí olùdarí wa ni àwọn téèpù ọdún tó ti pẹ́ wà, ìfúnpọ̀ wà ní títàn nígbà tí a kọ wọ́n. Bí mo bá pa ìfúnpọ̀, ṣé a ó ṣì lè kà wọ́n? Ìwé ilẹ̀ àwọn ẹbí kan wà nínú wọn tí ẹjọ́ rẹ̀ kò tíì parí.

Onímọ̀_Ìkẹ́rẹ́, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ẹ fọkàn balẹ̀. Àṣẹ tí ẹ pa, ti ìkọ̀ ni. Ti kíkà ni DataDeCompEnabled tí ẹ fi hàn wá, yes ló sì wà níwájú rẹ̀. Àmì wà lórí téèpù fúnra rẹ̀ tó ń sọ fún ẹ̀rọ ibi tí dátà ti fún pọ̀ àti ibi tí kò ti fún pọ̀, kódà àwọn méjèèjì lè wà lórí kásẹ́ẹ̀tì kan náà. Ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn téèpù àtijọ́ náà, kí ẹ fi mt datcompression 0, kí ẹ wá fi tar -t wò ó. Yóò ka orúkọ àwọn fáìlì fún yín.

Ní ti kásẹ́ẹ̀tì tó dúró ní 17.1 lẹ́yìn ìfọ̀, ó ti gbó. Orí ẹ̀rọ yín ti mọ́, nítorí pé tuntun gba iye tó yẹ. Ẹ má ṣe kọ ẹ̀dà ìpamọ́ sórí rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n bí ohun tí ẹ fẹ́ bá wà lórí àwọn téèpù ọjọ́ orí rẹ̀, ẹ tètè dà á kọ sórí tuntun nígbà tó ṣì ń ṣeé kà.

Ìyá_Sáfà, Ìkọ̀lé-Èkìtì

Ó ku ìṣirò. Kò sí ìṣètò kankan tí yóò mú kí 31 GB yẹn wọ kásẹ́ẹ̀tì kan. 24 tó jẹ́ JPEG àti PDF á gba 24. 7 tó kù, bí ó bá fún pọ̀ di ìdajì, á gba 3.5. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 27.5, téèpù yín sì gba 18.6. Ìdí tí kásẹ́ẹ̀tì kan fi tó yín láyé àtijọ́ ni pé ìwé owó àti lẹ́tà ló pọ̀ jù nígbà náà. Irú dátà yín ló yí padà.

Èwo nínú àwòrán sikánà náà ni kò tún yí padà mọ́?

Akọ̀wé_Òkèṣà, Adó-Èkìtì

Ti àwọn iṣẹ́ tí a ti parí. Nǹkan bíi 15 nínú 24 náà ni. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn wọ́n lẹ́yìn tí a bá ti fọwọ́ sí ìwé.

Ìyá_Sáfà, Ìkọ̀lé-Èkìtì

Ẹ kọ 15 náà sórí kásẹ́ẹ̀tì tuntun méjì, ẹ̀dà kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìfúnpọ̀ ní pípa, kí ẹ sì pa wọ́n mọ́ sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí iṣẹ́ mìíràn bá tún parí, ẹ kó o jọ títí yóò fi tó kásẹ́ẹ̀tì kan. Ohun tó kù fún alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni 9 GB àwòrán tó ṣì ń yí padà àti 7 GB ìwé. Ẹ kọ àwòrán ṣáájú pẹ̀lú datcompression 0, kí ẹ wá fi datcompression 2 tan ìfúnpọ̀, kí ẹ sì kọ ìwé tẹ̀lé e lórí /dev/nst0. Gbogbo rẹ̀ kò ní ju bíi 12.5 lọ, àyè á sì ṣẹ́kù.

Kí dátà lè máa dé ní ìwọ̀n tó yẹ, ẹ fi ètò mbuffer, tó ń kó dátà jọ sínú ìfipamọ́ kí ó tó kọ ọ́, sí àárín:

tar -b 128 -cf - /data/iwe | mbuffer -m 256M -P 90 -s 64k -o /dev/nst0

-P 90 ń jẹ́ kí ó dúró títí ìfipamọ́ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. -b 128 sọ búlọ́ọ̀kù tar di 64 KB dípò 10 KB tó máa ń lò. Ẹ kọ -b 128 yẹn sára páálí kásẹ́ẹ̀tì náà, nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ kà á lẹ́yìn ọ̀la gbọ́dọ̀ lo ìwọ̀n náà tàbí èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Akọ̀wé_Òkèṣà, Adó-Èkìtì

Ó ti ṣiṣẹ́ o, mà. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, gbogbo rẹ̀ wọ kásẹ́ẹ̀tì kan, ẹ̀rọ náà kò sì dúró lójú ọ̀nà. Tar ka àwọn téèpù àtijọ́ pẹ̀lú ìfúnpọ̀ ní pípa, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n láti Ìkẹ́rẹ́ ṣe sọ. Mo ti ń da àwọn ìwé ilẹ̀ tí ẹjọ́ wọn wà nílé ẹjọ́ kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì tuntun, mo sì ń fi tar -d wé wọn mọ́ èyí tó wà lórí dísìkì kí n tó fi wọ́n ránṣẹ́ sí olùdarí. Bí àwọn tó kù bá ṣe rí, n ó wá sọ fún yín níbí.